Bí Mo Ṣe Gbé Amúlétutù Ilé Lọ sí Ẹ̀pẹ́

Láti ìgbà tí mo ti dé ni gbogbo ará Ṣakí ti ń bi mí ní ìbéèrè kan náà: kí ni àgbàlagbà ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ń wá kiri nínú bọ́ọ̀sì tó gbé ẹ̀rọ amúlétutù ilé sẹ́yìn bí ìyá ọlọ́mọ? Mo máa ń dáhùn pé ooru Ẹ̀pẹ́ ni. Irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òtítọ́ tán. Ní báyìí tí ìyá ìyàwó mi, ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn jù, ti lọ sinmi, tí Mùdáṣírù àbúrò ìyàwó mi sì ti ní kí n kọ ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀nà ṣe rí.

Ẹ mọ Ràmọ́tà ìyàwó mi. Ẹ bá mi sin ín. Ohun tí púpọ̀ nínú yín kò mọ̀ ni pé àwọn ẹbí kò sọ fún ìyá rẹ̀. Màmá ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún nígbà náà. Àwọn ará ilé jókòó ní Ẹ̀pẹ́, wọ́n ní ọkàn Màmá kò le, a kì í tú irú òfò bẹ́ẹ̀ sí arúgbó létí. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wá ṣe fídáù ní Ṣakí, wọ́n ní ìgbéyàwó ni àwọn ń lọ. Wọ́n ní Ràmọ́tà ti wọkọ̀ òfuurufú lọ sí Kánádà, ó lọ bá ọmọ wa tọ́jú ìkókó. Ọdún méjì gbáko ni ìkókó yẹn lò tí kò dàgbà.

N kò dé Ẹ̀pẹ́ ní ọdún méjì náà. Tíṣà ni mí. Mo ti na ọmọ púpọ̀ nítorí irọ́. Ṣùgbọ́n Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè pé kí ni àwọn fi ṣe ọkọ ọmọ àwọn tí kò fi yọjú mọ́. Mùdáṣírù pè mí.

"Bọ̀dá, ẹ wá, kí ọkàn wọn lè balẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, Kánádà ni o."

Mo mọ ara mi. Bí mo bá sùn nínú ilé wọn, Màmá á jókòó tì mí láàárọ̀, wọ́n á jókòó tì mí lálẹ́, tó bá fi máa di ọjọ́ kẹta, ẹnu mi á tú. Ìgbà náà ni mo rántí bọ́ọ̀sì tí èmi àti Ràmọ́tà rà nígbà tí a fẹ̀yìn tì, èyí tí ẹgbẹ́ kan fi ń gbé dókítà ojú kiri abúlé tẹ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì wà nínú rẹ̀, kọ́bọ́ọ̀dù wà, síńkì wà. Bí mo bá ní yàrá tèmi tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣeé tì, mo lè kí Màmá tán kí n wọlé. Ṣùgbọ́n létí ọ̀sà, ẹni tó bá ṣí fèrèsé, ẹ̀fọn á gbé e lọ. Ẹni tó bá tì í, ooru á sè é. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ amúlétutù ti wọlé. Ká má fa ọ̀rọ̀ gùn, mo ń kọ́ ibi tí n ó ti máa sá fún arúgbó.

Ìkòròdú

Amúlétutù tó ń bá ọkọ̀ wá kì í fẹ́ atẹ́gùn bí ẹ́ńjìnnì kò bá ṣiṣẹ́. Irú èyí tí àwọn òyìnbó ń gbé sórí òrùlé ọkọ̀-ilé wọn, n kò rí i rà. Ti ilé, èyí tó ní apá kan nínú tó sì ní apá kan níta, ló kún gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Ìṣòro ibẹ̀ ni ẹni tó máa gbà láti so ó mọ́ ohun tó ń rìn. Adéoyè, ọmọ iléèwé mi àtijọ́ tó ń gbé ní Ìkòròdú, ló ní ọkùnrin kan wà ní Ìtamágà tó so ọ̀kan mọ́ ọkọ̀ tó ń kó ọmọ adìyẹ òòjọ́, tí ẹyọ kan kò sì kú lójú ọ̀nà.

Ẹ́síteètì ni Adéoyè ń gbé. Níbi géètì, ọkùnrin kan tí aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ti ṣá jáde sí mi. Ó yí ọkọ̀ náà po lẹ́ẹ̀mejì kó tó sọ̀rọ̀.

"Bàbá, kí nìyí?"

"Ọkọ̀ mi ni."

Ó yọjú wo inú rẹ̀. "Mo rí bẹ́ẹ̀dì."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Mo rí síńkì. Ẹ tún ta kọ́tìnì. Bàbá, ilé ni ẹ gbé wá. Ọkọ̀ lè wọlé bí ẹni tẹ́ ẹ wá bá bá fọwọ́ sí i. Ilé kò lè wọlé àfi kí kọ́mítì wo pílánù rẹ̀."

"Pílánù ọkọ̀?"

"Pílánù ilé, sà. Kì í ṣe pé mò ń rí yín fín o."

A pe Adéoyè ní ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Wọ́n sọ̀rọ̀ títí, n kò mọ ohun tó sọ. Ọkùnrin náà ṣí ìwé ńlá, mo sì rí ohun tó kọ síbẹ̀: *Ilé kan, pẹ̀lú dírẹ́bà.* Ó ṣí géètì fún mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ dáadáa kí mi.

Ẹ̀yin ará ilé, ibi tí mo dé yìí, ènìyàn rere ló kún ibẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kò ní rí wọn. Kí àfẹ̀mọ́júmọ́ tó là ni gbogbo wọn ti jáde lọ sí ibi iṣẹ́. Ilẹ̀ á ti ṣú kí wọ́n tó wọlé. Ọjọ́ mẹ́fà ni mo lò, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni mo fojú kan Adéoyè. Ìyàwó rẹ̀ máa ń gbé oúnjẹ mi sínú kúlà, á lẹ ìwé mọ́ ọn: *Ti ọ̀sán, sà. Ẹran wà nísàlẹ̀.* Ìwé yẹn ni a fi mọ ara wa. Nígbà tó di Sátidé, gbogbo àdúgbò jáde wá fọ ọkọ̀ wọn, tọkọtaya kọ̀ọ̀kan sì ń wá wo inú bọ́ọ̀sì mi. Àwọn ọkọ ń bèèrè nípa bátìrì. Àwọn ìyàwó ń wo síńkì, wọ́n á sì wo ọkọ wọn.

Fàtáì lorúkọ ọkùnrin Ìtamágà náà. Yàrá òtútù ló ń tún ṣe tẹ́lẹ̀ ní ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ tó wà ní Industrial Estate, kó tó dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀. Kì í yára rẹ́rìn-ín. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán, ó gbá bọ́ọ̀sì náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń ra màlúù.

"Bàbá, ilé ni wọ́n ṣe éésì yìí fún. Ilé kì í rìn. Ẹ fẹ́ mú un rìn, ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká tọrọ gáfárà lọ́wọ́ rẹ̀ ná."

Bó ṣe tọrọ gáfárà nìyí. Ó gbé apá ti inú kọ́ sókè bẹ́ẹ̀dì. Ó jó irin mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, níbi tí sìpéà táyà wà tẹ́lẹ̀, ó gbé apá ti ìta kà á, ó sì gé rọ́bà táyà àlòkù sí abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ilẹ̀ má baà máa gbá a. Páìpù bàbà tó so apá méjèèjì pọ̀, kò jẹ́ kó nà gbọnrangandan. Ó ká a lẹ́ẹ̀mejì bí ìwo àgbò kó tó dé oríkèé. Ó to pátákó tó ń gba oòrùn sórí òrùlé, ó tẹ́ bátìrì sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ní ọjọ́ kẹta òtútù jáde. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́, ó gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ má tíì dúpẹ́. Òtútù orí ìdúró kì í ṣe òtútù."

Ó ní kí n wa ọkọ̀ lọ sí Industrial Estate kí n sì wà á padà, ní àkókò tí àwọn òṣìṣẹ́ ń jáde, kí n má yẹ kòtò kankan sílẹ̀. Òun dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì mi, ó fi orí sukurudíráfà kan páìpù, ó fi ìdí rẹ̀ sétí. Bí mo bá jìn sí kòtò, á ní, "Mo gbọ́ ọ." Bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ kan bá wa dọ́gba, ọkùnrin kan yọ orí jáde.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ̀ ń wa ilé ni, àbí ilé ló ń wà yín?"

Fàtáì kò dìde. Orí ìdùbúlẹ̀ ló ti dá a lóhùn láti ojú fèrèsé: "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fún mọ́ra bíi sadíìnì, ẹ máa bá tiyín lọ."

Ìgbà karùn-ún tí a lọ tí a bọ̀ ló tó jókòó, ó ní, "Ó yá, ẹ lè dúpẹ́."

Agbówà

Bí mo ṣe kúrò ní Ìkòròdú, ariwo kan bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀: páìpù Fàtáì ń gbọ̀n, ó ń gbá irin *kín-ìn, kín-ìn*. Mo fara dà á díẹ̀. Lẹ́yìn náà mo dúró, mo mú wáyà, mo dè é pinpin mọ́ irin. Ọkọ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Inú mi dùn sí ọgbọ́n orí mi títí mo fi dé Agbówà, níbi tí atẹ́gùn tó ń jáde ti di ti ẹni tó ń fẹnu fẹ́ tíì.

Mo pe Fàtáì. Ó ní kí n má fọwọ́ kan nǹkan kan, òun ń bọ̀.

Obìnrin kan tó ń yan gààrí lẹ́bàá ọ̀nà gbé àpótí fún mi láti jókòó. Ní Agbówà, wọn kì í bi àlejò pé níbo ló ń lọ. Wọ́n á kọ́kọ́ fún un ní ohun tó máa fi sẹ́nu. Ó bu gààrí gbígbóná sínú abọ́, ó ju ẹja díndín méjì lé e. Ó wá ń wo ọkọ̀ mi.

"Kọ́tìnì yìí dára. Níbo ni ìyá ilé wà?"

"Ó wà ní Kánádà," ni mo wí. "Ó lọ tọ́jú ọmọ."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo pa irọ́ náà fúnra mi. Mo rò pé á há mi lọ́fun, kò há. Obìnrin náà ní, "Ẹ ṣé tí ẹ gbà á láyè," ó bi mí bóyá ó máa ń pè, mo ní ó máa ń pè. Ó bi mí bóyá òtútù ibẹ̀ bá a lára mu, mo ní ó ń ráhùn. Fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, létí agbada gààrí, Ràmọ́tà wà ní Kánádà, ó sì ń ráhùn. N kò fẹ́ kí Fàtáì tètè dé.

Ó dé lórí ọ̀kadà, ó gbé sílíńdà gáàsì kékeré sí àárín ẹsẹ̀. Ó fi ọṣẹ ìfọṣọ po omi, ó fi pa oríkèé páìpù, fóòmù sì yọ níbi tó ti ya. Lẹ́yìn náà ló rí wáyà mi.

"Ta ló de èyí?"

"Èmi ni. Ó ń pariwo."

"Bàbá Tíṣà." Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ jẹ́ kó pariwo. Èyí tó ń mì yẹn kò lè kán. Ibi tí ẹ dè pinpin ló máa kán."

Ó tú wáyà náà, ó ká a, ó fi sí àpò ara rẹ̀, bóyá kí n má baà rí i lò mọ́. Ó jó oríkèé náà, ó rọ gáàsì sí i, ó jẹ gààrí tirẹ̀, ó gun ọ̀kadà lọ. Bí ọkọ̀ mi ṣe ń pariwo wọ Ẹ̀pẹ́ nìyẹn.

Ẹ̀pẹ́

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí àlejò ti í rí, kó lọ fẹ́yàwó ní Ẹ̀pẹ́. Ó lé ní ogójì ọdún tí mo ti jẹ́ àna wọn, síbẹ̀ bí wọ́n bá ń sọ èdè wọn láàárín ara wọn, ìdajì ni mò ń gbọ́. Ìdajì tí n kò gbọ́ ni wọ́n máa ń fi rẹ́rìn-ín. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ńtì níwájú Màmá. Àwọn obìnrin ilé tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Màmá, ẹ má tíì ní kí wọ́n dìde," ni ọ̀kan wí. "Gbèsè ìdọ̀bálẹ̀ ọdún méjì ni."

"Orúnkún wọn kò gbà á mọ́," ni èkejì wí.

"Ẹni tó lè wa ilé láti Ṣakí?"

Màmá na ọ̀pá sí mi kí n dìde. Màmá nìkan ló kù láyé tó ń pè mí ní ìwọ.

"Ìwọ lo dé. Ìyàwó rẹ ńkọ́?"

Kí n tó la ẹnu, Mùdáṣírù ti fò sí i. "Wọ́n ní kí Bọ̀dá bá wọn kí yín, Màmá. Láti Kánádà."

"N kò bá ọ sọ̀rọ̀." Màmá kò gbé ojú kúrò lára mi. "Òtútù wà níbẹ̀?"

"Ó wà, Màmá."

"Ó dáa."

Wọ́n fi ìkọ́kọrẹ́ ṣe mí lálejò, ewùrà tó rọ̀, tí ẹja ọ̀bọ̀kún gbígbẹ fọ́ sínú rẹ̀, ata rẹ̀ kò sì mọ ojú àlejò. Mo jẹun tán, mo dúpẹ́, mo bọ́ sínú ilé mi, mo ti ilẹ̀kùn. Ọjọ́ méjì ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Níta, ọ̀rọ̀ mi di eré fún gbogbo agbolé. Omi tó ń ro láti ara amúlétutù, àwọn obìnrin gbé garawa sábẹ́ rẹ̀. Bó ṣe kún, àwọn bàbá méjì bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn bóyá a lè fi ṣe àlùwàlá. Ọ̀kan ní omi tí kò bá ilẹ̀ wá, tí kò bá òjò wá, níbo ló ti wá? Èkejì ní ooru ara Tíṣà ni ẹ̀rọ náà fún jáde. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí Alùfáà, Alùfáà sì ní kí wọ́n lọ fi fọ abọ́.

Nínú òtútù

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, ọ̀pá kan ilẹ̀kùn mi lẹ́ẹ̀mẹta.

"Ṣílẹ̀kùn. Ooru mú mi."

Obìnrin méjì ló gbé Màmá gòkè. Màmá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ní kí àwọn yẹn sọ̀ kalẹ̀. "Ẹ tì í dáadáa. Bí ẹ bá ṣí i, òtútù á jáde." N kò ríbi sá sí. Ibi ìsápamọ́ mi náà ni wọ́n bá mi dé.

Wọ́n fọwọ́ kan kọ́tìnì, wọ́n fi sílẹ̀.

"Ṣé àwọn tó wà níta lè gbọ́ wa?"

"Rárá, Màmá. Gíláàsì náà nípọn, ẹ̀rọ yìí náà sì ń hó."

"Bí mo bá kígbe ńkọ́?"

"Wọn kò lè gbọ́."

Wọ́n mi orí. "Ọjọ́ wo ló kú?"

Mo ti múra sílẹ̀ fún ìbéèrè púpọ̀. N kò múra fún èyí.

"Ọjọ́bọ̀ ni, Màmá. Kí ilẹ̀ tó mọ́."

Mo bèèrè ẹni tó sọ fún wọn.

"Ìwọ ni," ni Màmá wí.

Oṣooṣù ni Màmá máa ń fi abọ́ onídèérí kan gbé ẹja gbígbẹ ránṣẹ́ sí wa, tí Mùdáṣírù á fi í rán dírẹ́bà. Lẹ́yìn tí Ràmọ́tà lọ, wọn kò dáwọ́ dúró, àwọn ará ilé kò sì mọ bí wọ́n ṣe máa ní kí Màmá má ṣe é mọ́. Ẹja náà ń dé, mò ń jẹ ẹ́, mò ń dá abọ́ padà.

"Láti ọjọ́ tí mo ti fi í fọ́kọ, Ràmọ́tà kò dá abọ́ yẹn padà lófìfo rí. Bí kò rí èlùbọ́, á fi ẹ̀wà sí i. Bí kò rí ẹ̀wà, á fi iyọ̀. Ó wá dé lọ́jọ́ kan, ó mọ́ tónítóní, wọ́n tún fi aṣọ nù ún. Mo mì ín. Kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Mo ní, ọkùnrin ló fọ èyí. Bó bá jẹ́ Kánádà ló lọ lóòótọ́, á ti kọ́ ọ ní ohun tí wàá máa bù sí i kó tó lọ." Màmá yí ojú sí mi. "Oṣooṣù lo ń fọ̀ ọ́. Oṣooṣù lo ń sọ fún mi pé ó kú."

Mo ti rò pé mo ń ṣe ìmọ́tótó. Èmi tí mo fi ogójì ọdún kọ́ ọmọ ẹlòmíì, mo gbàgbé ohun tí ọmọdé ilé wa mọ̀.

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún Mùdáṣírù pé ẹ mọ̀?"

"Ọkàn rẹ̀ kò le."

N kò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín. Màmá kò rẹ́rìn-ín.

"Bí wọ́n bá mọ̀ pé mo mọ̀, wọ́n á pé lé mi lórí. Wọ́n á dì mí lọ́wọ́ mú, wọ́n á ní kí n má sunkún, wọ́n á máa wo bí mo ṣe ń mí. Wò ó, ilé tí mò ń gbé yẹn, kò sí ilẹ̀kùn kan níbẹ̀ tí ènìyàn kì í ṣí. Ọdún méjì ni mo ti ń wá ibi jókòó." Wọ́n na ọ̀pá sí kọ́bọ́ọ̀dù. "Kọjú síbẹ̀ yẹn."

Mo kọjú sí kọ́bọ́ọ̀dù. Ohun tó tẹ̀lé e, n kò wò ó, n kò sì ní kọ ọ́. Ó pẹ́. Èmi náà rí tèmi ṣe níwájú kọ́bọ́ọ̀dù.

Nígbà tó yá, Màmá bèèrè omi, wọ́n bọ́jú ní síńkì. Wọ́n wá ní kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀: ohun tó jẹ kẹ́yìn, ẹni tó wẹ̀ ẹ́, bóyá ó dárúkọ àwọn. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó dárúkọ wọn. Irọ́ kankan kò sí níbẹ̀.

"Má fi nǹkan kan sínú abọ́ mi o," ni wọ́n wí nígbà tí wọ́n ń dìde. "Ẹ̀rù lè ba Mùdáṣírù. Àti pé Kánádà ni. Máa sọ Kánádà."

Àwọn obìnrin gbé Màmá sọ̀ kalẹ̀.

"Màmá, kí ló ṣe ojú yín?"

"Òtútù ni. Ẹ̀yin kò mọ òtútù. Ọkọ Ràmọ́tà ní bí ojú ṣe ń ṣomi ní Kánádà náà nìyẹn."

Ní ìrọ̀lẹ́, Mùdáṣírù fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú. "Bọ̀dá, ẹ ṣé. Wọ́n wà nínú ibẹ̀ fún odidi wákàtí kan, ẹ kò sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀." Mo ní kò tó ọpẹ́.

Ṣakí

Ọjọ́ márùn-ún sí i ni mo lò. Lọ́sọ̀ọ̀sán ni ọ̀pá ń kan ilẹ̀kùn, lọ́sọ̀ọ̀sán ni mò ń kọjú sí kọ́bọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kẹta a ti ń lo àkókò tó pọ̀ jù lórí ẹ̀fẹ̀ tí Ràmọ́tà máa ń ṣe. Àwọn ìyá àgbà mìíràn fẹ́ wọlé wá gba atẹ́gùn, Màmá ní àyè ẹni kan ló wà. Mo sì padà wálé, ọkọ̀ mi ń pariwo láti Ẹ̀pẹ́ títí dé ẹnu ọ̀nà yín, ẹ̀yin náà gbọ́ ọ.

N kò tíì lo oṣù mẹ́ta nílé nígbà tí Mùdáṣírù pè mí. Àárín oṣù Keje ni.

"Bọ̀dá, ẹ má bínú. Màmá ní kí n bi yín ìgbà tí ẹ tún ń gbé ilé yẹn bọ̀. Wọ́n ní ooru ti pọ̀ jù fún àwọn."

Mò ń gbọ́ ariwo kan lẹ́yìn ọ̀rọ̀ rẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n da òkúta sórí páànù. Mo bi í pé kí nìyẹn.

"Òjò ni. Ọjọ́ kẹrin rèé tí kò dá, gbogbo wa ti wọ súwẹ́tà." Ó rẹ́rìn-ín. "Arúgbó ni wọ́n, Bọ̀dá. Ara wọn kò mọ òtútù yàtọ̀ sí ooru mọ́."

Mo ní kó sọ fún Màmá pé mo ti ń bu omi sí rédíétọ̀.